Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Fún Òbí Tí Ọmọ Rẹ̀ Ń Lọ Sùn Létí Òkun

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí ò mọ ibi tí wọ́n ń pè ní Covington, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọmọ tí kò kúrò ní ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ rí. Wọ́n sì mọ òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Georgia, ọjọ́ kan máa ń wà nínú ọdún tí ìwé kan á bá ọmọ wálé nínú báàgì. Ìwé náà á ní kíláàsì ọmọ ń lọ sí etí òkun, wọ́n á lo ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á sùn níbẹ̀, kí òbí jọ̀wọ́ fọwọ́ sí i. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé Yorùbá nìyẹn.

"Sùn níbo? Lọ́dọ̀ ta ni?" Ohun tí ìyá máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn, ìbéèrè gidi sì ni. Ohun tó ń dun èèyàn ni pé tó bá bi í tán, kì í dúró gbọ́ èsì. Á ti ní ọmọ òun kì í sùn níta, pé ilé ẹ̀gbọ́n òun gan-an ọmọ náà ò sùn rí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ etí òkun. Ọmọ á bú sẹ́kún, á ní gbogbo kíláàsì ló ń lọ. Bàbá á dáhùn láti yàrá pé, "Ṣé gbogbo kíláàsì ni mo bí ni?" Ọ̀rọ̀ parí.

Ilé kejì tún wà. Níbẹ̀, ìyá ń múra iṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú arúgbó, bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí bírò ló máa fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó ṣí ojú ìwé kejì, níbi tí wọ́n ti ń béèrè oògùn tí ọmọ ń lò, oúnjẹ tí ara rẹ̀ kì í gbà, àti bóyá ó mọ omi wẹ̀. Ilé àkọ́kọ́ ń pe ilé kejì ní aláìbìkítà, ilé kejì ń pe ti àkọ́kọ́ ní ará oko. Lójú tèmi, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì dá. Kò sí èyí tó wádìí. Ìmọ̀ràn tí mo ní kò ju èyí lọ: ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ, ṣùgbọ́n kí àṣẹ tí ẹ fún un jẹ́ àṣẹ ẹni tó ti béèrè ọ̀rọ̀ dé ìdí.

Covington kò sún mọ́ òkun. Nǹkan bí máìlì 35 ló fi wà sí ìlà oòrùn Atlanta, lórí títì I-20. Àwọn tó ń wo fíìmù mọ ìlú náà nítorí The Vampire Diaries tí wọ́n yà níbẹ̀; àwọn èèyàn wa mọ̀ ọ́n nítorí pé ilé tóbi níbẹ̀, owó rẹ̀ sì ṣeé san ju ti àárín ìlú Atlanta lọ. Kí bọ́ọ̀sì tó ti ibẹ̀ dé Jekyll Island, ó lè gba Macon, kó já sí I-16 tó lọ sí apá Savannah, kó tó yà sí I-95 lọ sí gúúsù. Ìrìn bíi wákàtí márùn-ún ni, láìka iye ìgbà tí wọ́n máa dúró kí àwọn ọmọ lọ tọ̀. Tybee Island, tó wà lẹ́bàá Savannah, sún mọ́ díẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ọmọ tí wọ́n bí sí agbègbè yìí lè mọ Jackson Lake, kó mọ adágún ìwẹ̀ inú ọgbà ilé wọn, kó má tíì rí ibi tí omi ti lọ tí kò ní èbúté lódìkejì.

Àwa òbí náà ńkọ́? Ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, àyàfi tó bá lọ sí Èkó ni yóò rí òkun. Àwọn bí ọmọ Ìlàjẹ ló lè ní àwọn bá òkun dàgbà. Ní Ayétòrò, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, inú omi ni ọmọdé ti ń ṣeré. Òkun kan náà ló ń jẹ ìlú ọ̀hún lónìí. Ẹ̀skọ́ṣọ̀n tí ọ̀pọ̀ wa lọ nígbà tá a wà ní kékeré, bóyá Àpáta Olúmọ ni o, bóyá ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, tàbí Badagry, àárọ̀ la lọ, ìrọ̀lẹ́ la dé. Wọ́n di ìrẹsì àti ẹyin fún wa nínú kúlà, a jẹ ẹ́ lábẹ́ igi, a padà sílé. Sísùn níta pẹ̀lú tíṣà ṣàjèjì sí wa. Ẹ̀rù tó ń bà wá, ẹ̀rù àìmọ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀, kò sì yẹ ká fi àìmọ̀ tiwa di ọmọ lọ́nà. Ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun.

Ẹ̀yin tó ń gbé Covington gan-an ló yẹ kí ẹ mọ ìtàn ìrìn àjò yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní 1904, ọ̀gá àwọn ilé ìwé ní Newton County, ìyẹn káúńtì tí Covington jẹ́ olú ìlú rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ G. C. Adams, kó àwọn ọmọkùnrin jọ sínú ẹgbẹ́ àgbàdo. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á gbin àgbàdo, á tọ́jú rẹ̀, wọ́n á sì fi irè oko wọn díje. Inú ẹgbẹ́ yẹn ni ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní 4-H ti hù jáde ní Georgia, Yunifásítì Georgia ló sì ń bójú tó o títí di òní. Láti 1979 ni ẹgbẹ́ náà ti ń gba kíláàsì lọ́wọ́ ilé ìwé fún ẹ̀kọ́ ìta tó ní sísùn nínú. Wọ́n ní ọgbà ní Rock Eagle lẹ́bàá Eatonton, tí kò jìnnà sí Covington, wọ́n ní òmíràn ní Tybee, òmíràn ní Jekyll. Àwọn ọmọ ilé ìwé tó ti gba ọwọ́ wọn kọjá ti lé ní mílíọ̀nù kan. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwé ló ń bá 4-H lọ, nítorí náà ẹ béèrè ọgbà ti ẹni tí wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé tíṣà kan ló jí lọ́jọ́ kan tó ní kí àwọn lọ gbafẹ́ létí òkun. Ẹgbẹ́ àgbàdo ló bí nǹkan yìí, ní ìlú yín gan-an.

Kí ni wọ́n ń lọ wò? Etí òkun Georgia kò gùn, kò ju nǹkan bí máìlì 100 lọ, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo irà oníyọ̀ tó wà ní ìhà Àtìláńtíìkì Amẹ́ríkà ló wà níbẹ̀. Ilẹ̀ tí omi òkun ń bò mọ́lẹ̀ tó tún ń fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni irà náà, koríko gíga bò ó, ẹrẹ̀ rẹ̀ ń rùn, inú ẹrẹ̀ ọ̀hún sì ni ọmọ ẹja àti edé ti ń dàgbà. Akàn kékeré kan pọ̀ níbẹ̀ tí akọ rẹ̀ ní ọwọ́ ńlá kan àti ọwọ́ kékeré kan. Ojú rẹ̀ wà lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó nà sókè, tó ń wo iwájú, tó ń wo ẹ̀yìn. Kí òjìji èèyàn tó balẹ̀ sórí ẹrẹ̀, ogunlọ́gọ̀ wọn ti wọ ihò. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: òwe tí a ti ń pa fún ọmọ láti kékeré, tí ó kàn ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni sà" sí, ibẹ̀ ni yóò ti fojú ara rẹ̀ rí i. Mo fẹ́ kí òbí náà ya ojú akàn lò, nítorí ohun mẹ́ta wà tó yẹ kó ṣọ́: omi, ara ọmọ, àti òru.

Ká mú omi ṣáájú. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ẹni tó mọ òkun Èkó á ti mọ òkun tó ń hó. Ìgbì ibẹ̀ ga, ó ń ké, ó ń na ilẹ̀, ọmọdé rí i ó sá. Òkun Georgia ò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ abẹ́ omi níbẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lọ jìnnà, ìgbì kì í fi bẹ́ẹ̀ ga, èèyàn lè rìn wọ inú omi lọ títí kó má tíì kan orúnkún. Ibi tí ẹ̀tàn rẹ̀ wà nìyẹn. Ní Èkó, ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tí omi kún àti ìgbà tó fà kì í ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Ní Georgia, ó ń tó mẹ́fà, ó ń tó mẹ́jọ, nígbà mìíràn ó ń sún mọ́ mẹ́sàn-án, nítorí pé etí òkun náà tẹ̀ wọnú láti North Carolina títí dé Florida, Georgia ló sì bọ́ sí ìsàlẹ̀ kọ̀rọ̀ ọ̀hún, tí omi ń wọ́ jọ sí. Láàárín nǹkan bí wákàtí mẹ́fà, òkìtì iyanrìn tí ọmọ dúró lé lórí lè ti bọ́ sábẹ́ omi. Omi ò ní ké, ó kàn ń wọlé ni. Ẹ sọ fún ọmọ pé tí olùkọ́ bá ní "ẹ padà," kò gbọ̀dọ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí i.

Ìṣàn kan tún wà tó máa ń gba etí òkun padà sí àárín bí ọ̀nà tóóró. Ẹni tó bá kó sí i, tó ń wẹ̀ padà tààrà sí etí omi, agbára rẹ̀ á tán. Kó léfòó lójú omi, kó na ọwọ́ sókè, kó pariwo, tó bá sì lè wẹ̀, kó wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ etí òkun títí ìṣàn náà á fi fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìrìn àjò ilé ìwé kì í jẹ́ kí ọmọ wọ omi ju kókósẹ̀ tàbí orúnkún lọ. Ẹ béèrè: wíwọ omi ni, àbí etí omi? Ta ló ń ṣọ́ wọn? Ọmọ mélòó fún àgbà kan?

Ibi tí ó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rèé. Ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní CDC ti fi hàn pé láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, ọmọ aláwọ̀ dúdú ń kú sínú adágún ìwẹ̀ ní ìlọ́po tó ju méje lọ sí ọmọ aláwọ̀ funfun. Ìwádìí kan tí USA Swimming gbé jáde ní 2017 ní nínú 100 ọmọ aláwọ̀ dúdú, 64 ni kò mọ omi wẹ̀, tàbí tí kò mọ̀ ọ́n tó nǹkan. A ní "ọmọ mi ò ní wẹ̀, kó má bàa kú sómi." Èyí tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ ló ń kú. Kì í ṣe etí òkun nìkan lọ̀rọ̀ wà. Adágún ìwẹ̀ ilé ọ̀rẹ́ wà, àríyá ọjọ́ ìbí wà, ìsinmi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wà. Owó tí a ń ná sórí aṣọ ẹbí kan ṣoṣo lè tó láti kọ́ ọmọ kan ní omi wíwẹ̀ ní ọgbà YMCA tàbí ti ìjọba. Tí ìrìn àjò bá kù bí oṣù mẹ́ta, ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin gan-an, tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ bá ọmọ wọ inú omi kí ẹ jọ kọ́ ọ. Ọmọ yín á rẹ́rìn-ín, kò sì ní pa yín.

Kò ṣẹlẹ̀ lásán pé ọmọ aláwọ̀ dúdú ò mọ omi wẹ̀ nílẹ̀ yìí. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ bàbá bàbá wọn ni. Jekyll Island tí bọ́ọ̀sì ọmọ yín lè máa lọ, erékùṣù àwọn olówó ńláńlá ni tẹ́lẹ̀, àwọn bíi Rockefeller àti Morgan, kí ìjọba Georgia tó rà á ní 1947. Nígbà tí wọ́n ṣí i fún ará ìlú, aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Ó di 1950 kí wọ́n tó ya etí òkun kan sọ́tọ̀ fún aláwọ̀ dúdú ní ìhà gúúsù erékùṣù náà, St. Andrews Beach. Òun ni etí òkun ìjọba àkọ́kọ́ ní Georgia tí èèyàn dúdú lè tẹ ẹsẹ̀ sí láìbẹ̀rù ọlọ́pàá. Ní 1959 wọ́n kọ́ ilé ìtura kan síbẹ̀ fún wọn, wọ́n pè é ní Dolphin Club. Ilẹ̀ ibẹ̀ ni ọgbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń sùn sí báyìí wà. Lọ́dún 1964 ni ìyàsọ́tọ̀ ọ̀hún tó kásẹ̀ nílẹ̀.

Omi St. Andrews ti rí ju ìyẹn lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1858, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Wanderer kó ènìyàn tó lé ní 400 láti agbègbè odò Kóńgò gúnlẹ̀ sí Jekyll. Àádọ́ta ọdún ti kọjá nígbà yẹn tí òfin Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n má kó ẹrú wọlé mọ́. Àwọn tó kú sójú omi kò sí nínú iye yẹn. Lónìí, ọ̀nà ìrántí kan wà níbẹ̀ tí ọmọdé lè fẹsẹ̀ rìn, tó ń ka ìtàn àwọn èèyàn náà. Ní St. Simons Island, tí kò jìnnà sí ibẹ̀, àwọn Igbo kan tí wọ́n kó wá lẹ́rú ní 1803 gba ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó wọn, wọ́n sì wọ inú omi Dunbar Creek lọ dípò kí wọ́n sìn. Ẹni tó bá ń wá tiwa nínú ìtàn náà, kó wo Mobile ní Alabama. Ọkọ̀ Clotilda gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1860 pẹ̀lú ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kossola, ọmọ Yorùbá láti apá ibi tí a ń pè ní Benin lónìí. Ó gbé ayé títí di 1935.

Ṣé kí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án gbọ́ gbogbo èyí? Kó gbọ́ ìwọ̀n tí ọjọ́ orí rẹ̀ lè gbé, kó sì gbọ́ ọ lẹ́nu yín kó tó lọ. Tíṣà lè sọ ọ́, ó lè má sọ ọ́. Ọmọ tó ń jẹ́ Ayọ̀mídé tàbí Adébáyọ̀, tó dúró sí etí omi yẹn, kò yẹ kó jẹ́ òun ni àlejò tó kẹ́yìn tó mọ̀ pé àwọn tó jọ òun ti gba ibẹ̀ kọjá. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ.

Ó kan ara ọmọ. Níbí, mi ò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Tí ọmọ yín bá ní àìsàn fòníkú-fọ̀ládìde, ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Àwọn kan nínú wa ń fi í pamọ́ bí ẹni pé ẹ̀sùn ni, wọ́n ní "kí wọ́n má bàa máa wo ọmọ mi bákan." Omi tútù, òùngbẹ, àárẹ̀ tó pọ̀jù, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè dá ìrora sílẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn sì pé sí etí òkun. Èyí ò ní kí ó má lọ. Ó ní kí nọ́ọ̀sì ilé ìwé mọ̀, kí dókítà kọ ìwé ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe bí ìrora bá dé, kí ọmọ máa mu omi láìdúró dìgbà tí òùngbẹ gbẹ ẹ́, kó sì yára bọ́ aṣọ tútù lára. Ti ikọ́ fée náà rí bẹ́ẹ̀: oògùn tí wọ́n ń fà símú gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ àgbà tó wà nítòsí, kó má sí nínú àpótí tó wà ní ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀sì.

Oògùn gbogbo, nínú ike tó ti jáde látọ̀dọ̀ olóògùn ni kó wà, pẹ̀lú orúkọ ọmọ lára. Ẹ má di àgbo sínú ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kí ẹ ní kí ọmọ yọ́ ọ mu. Ẹni tó bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ ò ní mọ ohun tó jẹ́, ẹ̀yin lẹ sì máa ṣàlàyé. Káàdì ìlera, ì báà jẹ́ PeachCare ti ìjọba Georgia tàbí ti ibi iṣẹ́ yín, ẹ ya ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù. Ọmọ tí ẹ̀pà tàbí edé kì í bá lára mu, ẹ kọ ọ́. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ kọ ọ́ pé ọmọ yín kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ilé ìdáná àwọn ọgbà yìí gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, àmọ́ kì í ṣe lójú abọ́ oúnjẹ la ti ń sọ ọ́. Oòrùn ń jó awọ dúdú o, ẹni tó bá ní kò lè jó wa kò tíì lo ọjọ́ kan létí òkun: ẹ ra ìpara ààbò oòrùn. Irun dídì dára ju irun títú lọ nínú omi iyọ̀.

Tọ́ọ̀ṣì tí ọmọ máa mú dání náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹjọ, ìjàpá òkun ń gun etí òkun Jekyll lóru láti yé ẹyin, àwọn ọmọ wọn sì ń jáde nínú ẹyin títí di oṣù kẹwàá. Ilé ìwòsàn ìjàpá kan wà ní erékùṣù náà láti 2007. Ìjàpá inú àlọ́ wa gbọ́n jù, ṣùgbọ́n ọmọ ìjàpá òkun yìí ò gbọ́n rárá: tó bá ti yọ nínú iyanrìn, ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà ló ń rìn lọ, kó lè dé omi. Tọ́ọ̀ṣì funfun lè darí rẹ̀ sójú títì. Tí wọ́n bá ní tọ́ọ̀ṣì oníná pupa ni kí ọmọ mú wá, ìdí rẹ̀ nìyẹn, ẹ má ní òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀.

Òru ló kù. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí kò sùn níta rí kò yẹ kó jẹ́ pé ibi tó jìnnà tó wákàtí márùn-ún ni yóò ti kọ́kọ́ sùn níta. Ẹ jẹ́ kó lọ sùn lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ní Lithonia tàbí Loganville ní òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Kó di ẹrù ara rẹ̀, kó wẹ̀ fúnra rẹ̀, kó mọ ibi tí burọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa, màmá àgbà tó ti Nàìjíríà wá ló ń fún wọn wẹ̀ títí ọdún mẹ́jọ. Màmá ò ní sí nínú bọ́ọ̀sì.

Ọmọ tó ṣì ń tọ̀ sílé ńkọ́? Ẹ pe olùkọ́ sí kọ̀rọ̀, ẹ sọ fún un. Wọ́n ti rí i rí. Wọ́n á jí ọmọ lóru, wọ́n á fi í sí bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀, wọ́n á bá a pààrọ̀ aṣọ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Èyí tó ń ba ayé ọmọ jẹ́ ni kí òbí fi í pamọ́, kí ọmọ wá sùn sílẹ̀ lójú ṣíṣí di àárọ̀ nítorí ìbẹ̀rù. Òbí tó ń fi ìtọ̀ bú ọmọ níwájú àlejò, ó tún yẹ ká bá òun náà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tó le jù nínú ti òru ni èyí. A kọ́ ọmọ wa pé kó má wo ojú àgbà, kó má dá àgbà lóhùn, kó máa ní "bẹ́ẹ̀ ni mà." Ẹ̀kọ́ rere ni, èmi náà fi í tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n kó tó wọ bọ́ọ̀sì, ẹ fi ẹnu yín tú apá kan nínú rẹ̀ fún un. Ẹ sọ fún un pé kò sí àgbà, ì báà jẹ́ tíṣà, ì báà jẹ́ òbí ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́ Dádì ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ibi tí aṣọ ìwẹ̀ bò lára rẹ̀, àfi tó bá jẹ́ ti ìtọ́jú tí ẹlòmíràn sì wà níbẹ̀. Kò sí àṣírí tí ọmọ ń bá àgbà pa mọ́ fún ìyá rẹ̀. Kó ní "rárá," kó ní in sókè, kó sì lọ bá àgbà kejì. Tó bá jẹ́ irọ́ tàbí òótọ́, ilé la ti máa wádìí rẹ̀. Ẹ ò ní nà án nítorí pé ó pariwo. Ọmọ gbọ́dọ̀ gbọ́ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn lẹ́nu yín, nítorí pé òun gan-an ni kò gbà gbọ́. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ilé ìwé bí wọ́n ṣe pín yàrá, àgbà mélòó ló ń sùn nítòsí àwọn ọmọ, àti pé ṣé wọ́n ń jẹ́ kí àgbà kan ṣoṣo dá wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo. Ilé ìwé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ò ní bínú sí ìbéèrè yẹn. Èyí tó bá bínú, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Ọ̀pọ̀ ilé ìwé kì í fẹ́ fóònù lọ́wọ́ ọmọ nírú ìrìn àjò báyìí. Ẹ fara mọ́ ọn. Ọmọ tó bá ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lálẹ́ ló ń sunkún jù. Ẹ gba nọ́ńbà olùkọ́, kí ẹ má sì pè é ní aago méjì òru láti béèrè bóyá ó ti jẹun.

Lórí owó, tí kò bá sí, ẹ lọ sọ fún olùkọ́ tàbí agbaninímọ̀ràn ilé ìwé kí ọjọ́ tó lọ. Ìtìjú ń mú wa kọ̀wé pé "ọmọ mi ò lè lọ nítorí ètò ìdílé," nígbà tó jẹ́ pé ilé ìwé ń ní ọ̀nà ìrànlọ́wọ́ fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀. Ọmọ ló ń san ìtìjú yẹn, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá dé tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ akàn ní kíláàsì tí òun ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ẹnìkan ló ń bímọ, igba èèyàn ló ń wò ó. Àwọn ilé ìwé máa ń wá òbí tó lè bá wọn lọ, àwọn tó ń fi orúkọ sílẹ̀ kì í sì í sábà jẹ́ tiwa. A máa ń ní a ò ráyè, àwọn òyìnbó ni iṣẹ́ ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì pọ̀ nínú wa ní agbègbè Atlanta débi pé kíláàsì tó bá ní ọmọ Yorùbá méjì tàbí mẹ́ta, ó ṣeé ṣe kó ní ìyá kan tó mọ iṣẹ́ ìtọ́jú. Ẹ̀yin bàbá pàápàá: àwọn ọmọkùnrin nílò ọkùnrin tí yóò sùn nítòsí yàrá wọn, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í tó. Ẹ tọrọ ààyè níbi iṣẹ́. Wọ́n máa yẹ àkọsílẹ̀ ìwà yín wò lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n tó gbà yín, ìyẹn sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí náà ẹni tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ tí bọ́ọ̀sì ń gbéra ti pẹ́ jù.

Tí ìwé náà bá ti wà nínú báàgì ọmọ yín lálẹ́ òní, ẹ mú un jáde, ẹ kà á dé ojú ìwé tó kẹ́yìn, ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀, kí ẹ sì pe olùkọ́ ní àárọ̀ ọ̀la.